Ọjọ́ Orí Ni Wọ́n Béèrè, Ẹ Má Kó Gbogbo Ìwé Yín Fún Wọn

Ẹ̀yin ará Atakpamé, láti Gnagna dé Djama, láti Woudou dé Agbonou, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Datcha, ní Glei, ní Anié àti ní gbogbo abúlé tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá fún yín: ẹ jẹ́ ká dẹ́kun fífi fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ wa ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti béèrè ọjọ́ orí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọjà ò sí lórí àtẹ nìkan mọ́. Obìnrin wa á jókòó sílé, á rí aṣọ tó wù ú lórí WhatsApp lọ́wọ́ olùtajà kan ní Lomé, á fi owó orí fóònù, Flooz tàbí Mixx, sanwó. Ọkọ̀ á gbé ẹrù náà gba títì àríwá bọ̀, nǹkan bí 160 kìlómítà, dírẹ́bà á sì pè é pé kó wá gba nǹkan rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra ọjà láti Ṣáínà àti Faransé. Àwọn mìíràn ń ra eré orí fóònù, fíìmù, oògùn àti ọtí. Inú ọjà yìí ni ìbéèrè kan ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀: ṣé o ti pé ọmọ ọdún 18? Níbòmíràn, ẹ ó kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", ó parí. Níbòmíràn, wọ́n á ní kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí yín. Níbi tó le jù, wọ́n á ní kí ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì yín, kí ẹ tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín, kí ẹ ya ìyẹn náà ránṣẹ́.

Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Òfin ọmọdé tí Tógò ṣe lọ́dún 2007 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin ọdún 2010 lórí sìgá kò gbà kí a ta sìgá fún ọmọdé. Kò sí òbí tí orí rẹ̀ pé tó fẹ́ kí ọmọ ọdún 12 fi fóònù ra ọtí sódábì tàbí kó máa ta tẹ́tẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ni mo ní ẹjọ́ sí.

Ẹ wo ìyá tó ń ta sódábì lẹ́bàá títì. Bí ọmọ kékeré bá gbé ìgò wá bá a, ó wo ojú ọmọ náà, ó bi í léèrè pé ta ni bàbá rẹ̀, ó lé e padà sílé. Ó ti mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Kò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, kò ya fọ́tò rẹ̀, nǹkan kan tó jẹ́ ti ọmọ náà kò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gba orúkọ yín, ibi tí wọ́n bí yín sí, nọ́ńbà káàdì yín àti àwòrán ojú yín, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbi tí ẹ kò lè dé.

Ìnira àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ ìwé wa gan-an wá. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa, oko ni wọ́n bí wọn sí, ẹnikẹ́ni kò sì lọ kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà ni wọ́n tó lọ gba ìwé jugement supplétif ní kóòtù, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni "né vers 1955" tàbí "né vers 1960". Nǹkan bí ọdún tí wọ́n bí wọn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí oṣù. Ìkànnì tó ń béèrè ọjọ́ àti oṣù kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ á bá bàbá àgbà fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní dí àlàfo náà. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn á fi ọjọ́ 31 oṣù kejìlá sí i. Bí ìkànnì bá wá ti àkáǹtì náà pa tó ní kí ẹni tó ni ín fìdí ara rẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ méjì ò bá ara mu, wọ́n á ní olè ni. Àgbàlagbà tó ti ju 70 ọdún lọ kò wá rí bó ṣe máa fi hàn pé òun ti pé 18!

Ti àwọn tí akọ̀wé kọ orúkọ wọn báyìí sórí ìwé ìbí, tó tún kọ ọ́ lọ́nà mìíràn sórí káàdì ńkọ́? Ti àwọn tí kò tíì rí káàdì gbà rárá ńkọ́? Bí nǹkan bá wá dojú rú, ilé oníkọ̀ǹpútà là ń sá lọ. Ọmọkùnrin ibẹ̀ á fi fóònù tirẹ̀ ya káàdì wa, á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á fi ránṣẹ́. Kí fọ́tò náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè rẹ̀, ó ti wà lórí ẹ̀rọ méjì tí kì í ṣe tiwa.

Níbo ló wá ń lọ lẹ́yìn ìyẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ìtajà tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ mìíràn tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Discord, ibi tí àwọn tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kéde pé ó ṣeé ṣe kí fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ nǹkan bí 70,000 ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bá a gbọ́ ẹ̀dùn àwọn oníbàárà ni ihò ti lu. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ọjọ́ orí wọn kò tó, tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ láti fi hàn pé ó tó, wà lára àwọn tó kàn. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní oṣù keje, nǹkan bí 72,000 àwòrán já síta láti inú Tea, áàpù kan tó wà fún obìnrin ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 13,000 nínú wọn jẹ́ fọ́tò ojú àti ti ìwé ìdánimọ̀, bẹ́ẹ̀ áàpù náà ti ṣèlérí pé òun á pa irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rẹ́ tí òun bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Àwọn tó lówó, tó sì ní lọ́yà nìyí o. Olùtajà tí fóònù rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà zémidjan ní Lomé ńkọ́?

Ẹ má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Nàìjíríà, nítòsí wa níbí, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative tú àṣírí pé àwọn ìkànnì kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú ní 100 náírà. Ọgọ́rùn-ún náírà péré! Owó tí kò tó ra búrẹ́dì.

Kí ni olè fẹ́ fi fọ́tò káàdì obìnrin tó ń ta gàrí ṣe? Ó pọ̀. Ó lè wá ọ̀nà gba káàdì fóònù tàbí kó yáwó ní orúkọ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó lè fi lu jìbìtì: á ṣí ojú ìwé ìtajà lórí Facebook, bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, á fi káàdì yín ránṣẹ́ sí i pé, "Wo káàdì mi, èmi kì í ṣe oníjìbìtì." Oníbàárà á gbà á gbọ́, á sanwó, ọjà ò ní dé. Ta ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì ni.

Àṣírí tún wà nínú ohun tí a rà. Bí orúkọ yín bá ti so mọ́ ọjà, gbogbo ẹni tó bá rí àkọsílẹ̀ náà ló mọ ohun tí ẹ rà: oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, oògùn àrùn tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwé kan tí ẹ fẹ́ dá kà. Ní ìlú ńlá, ó lè má já mọ́ nǹkan. Ní ọ̀dọ̀ wa, tó jẹ́ pé ọmọ àna yín lè ní ọ̀rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ẹ mọ bó ṣe máa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, torí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé òfin wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019, Tógò ṣe òfin nọ́ńbà 2019-014 láti dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè ilé, ohun tó wí ni pé ẹni tó bá gba ìsọfúnni yín gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò gbọdọ̀ gba ju èyí tó nílò lọ. Kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá àkókò tó nílò rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí ẹ sì ní kó pa á rẹ́. Òfin yìí kan náà ló dá àjọ IPDCP sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin olùtajà tí ẹ ń gba káàdì oníbàárà, òfin yìí mú ẹ̀yin náà o.

Àwọn kan á ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Irọ́ ni. Ẹ rántí Novissi, ètò owó ìrànwọ́ ìjọba, ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kòrónà. Ẹni tó ti pé 18 tẹ *855# lórí fóònù, ó fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, ó dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ẹ̀rọ sì fi wé àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò. Bí ó bá bá a mu, owó wọlé sórí fóònù: ní agbègbè Lomé, 12,250 CFA lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Kò sí pé ẹ ń ya káàdì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Novissi ní àbùkù tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò dúró síta. Síbẹ̀, ó fi hàn pé a lè yẹ ènìyàn wò láìgba fọ́tò káàdì rẹ̀.

Ní Yúróòpù, ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n gbé àpẹẹrẹ áàpù kan jáde tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ fún ìkànnì pé ẹni yìí ti pé 18. Kò ní sọ orúkọ, kò ní sọ ọjọ́ ìbí. Faransé wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tó kọ́kọ́ gbà láti dán an wò. Tógò náà ti ṣe òfin ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 lórí ìdánimọ̀ tó ń lo ìka ọwọ́ àti ojú, ó sì dá àjọ ANID sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ fún àwọn aṣòfin wa àti fún ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ láti ìsinsìnyí pé ohun tí a fẹ́ ni nọ́ńbà tó lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pé 18" láìsọ ohun mìíràn, tó sì gba "né vers" àwọn bàbá wa láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹnìkan bá béèrè káàdì, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ìgbà wo ló sì máa pa á rẹ́. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ má fi ránṣẹ́. Bó bá pọn dandan, ẹ fi ìwé bo nọ́ńbà káàdì náà, kí ọdún ìbí àti orúkọ nìkan hàn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fún, ohun tó wà fún àti ọjọ́ tí ẹ fún un sí ara fọ́tòkópì káàdì náà, kó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ má gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín ya fọ́tò fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, torí irú fọ́tò yẹn gan-an ni àwọn kan fi ń ṣí àkáǹtì. Nọ́ńbà àṣírí Flooz tàbí Mixx kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni. Ẹ pa fọ́tò káàdì rẹ́ nínú WhatsApp yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí tàbí nǹkan tí kò yẹ ọmọdé lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ẹrù lọ wo ojú oníbàárà nígbà tó bá ń gbé e fún un. Bó bá ń ṣiyèméjì, kó wo káàdì, kó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ra ọ̀bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ní kí a yẹ ọjọ́ orí wò lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bá gbé e dé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oníkọ̀ǹpútà, ẹ pa fáìlì oníbàárà rẹ́ kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé káàdì yín fún ọmọ kó fi ṣí eré. Ẹ̀yin ọmọ tó gbọ́n fóònù ju wa lọ, ẹ dúró ti ìyá yín nígbà tó bá ń rajà, kí ẹ sì sọ fún un ohun tó yẹ kó kọ̀.

Bí wọ́n bá bi wá ní ọjọ́ orí, ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn lórí ọjọ́ orí. Bí wọ́n bá ní àfi kí a kó gbogbo ìwé wa sílẹ̀, tí wọn kò sì lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ gbé owó yín lọ sọ́dọ̀ olùtajà mìíràn. Ọjà pọ̀, orúkọ wa kan ṣoṣo ni a ní.