Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹsílẹ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àpò wa náà ni. Ó kan kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà sí ilé, tí yóò di ọjọ́ kan tí a ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí kò ní dáhùn.

Láti ọdún 2009 tí ìjọba ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ sí Malete níhìn-ín, kọ̀ǹpútà ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́ ní àdúgbò wa. Òun ni àwọn ọmọ wa fi ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò JAMB. Òun ni ìyàwó ẹlòmíràn fi ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí owó ọbẹ̀ lè wọlé. Inú rẹ̀ ni ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, ìwé-ẹ̀rí, àti àwòrán ìsọmọlórúkọ wà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó dára díẹ̀ sì ju iye yẹn lọ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wo kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ tí ó ní, "Èyí ti kú, lọ ra òmíràn," owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni ó fi ẹnu lásán gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò wa nìyí, a kò sì fi bò: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní òkú, oorun ni wọ́n ń sùn. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń dùn ún kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kí ẹ̀ka wa ràn án lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá ń sunkún, ìyá rẹ̀ kì í kọ́kọ́ pè é ní àbíkú. Yóò wò ó bóyá ebi ni, bóyá kòkòrò ni, bóyá ibà ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí á ṣe fún ẹ̀rọ. Láti orí ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ KÒ BÁ TÀN RÁRÁ

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí iná kò tàn, tí fáànù kò sì yí, ara ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ṣájà fóònù sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ wo fíúsì inú pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nǹkan kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jó, iná kò ní kọjá. Ẹ yọ ẹ̀kísẹ́ńṣọ̀n kúrò láàárín, kí ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ògiri tààrà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti pa bọ́tìnnì tí ó wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ti wọlé. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa níhìn-ín jẹ́ fóòtì 230. Lẹ́yìn àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá, bọ́tìnnì pupa kan máa ń wà tí a kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà ní 115 tí a sì so ó mọ́ iná wa, yóò bú gbàù, àpótí tí ń pín iná nínú rẹ̀ yóò sì jó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ó lè jẹ́ àpótí yẹn nìkan ni ó jó. A lè yọ ọ́, kí á fi òmíràn sí i, kí ìyókù ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má ṣí láéláé, nítorí iná máa ń wà nínú rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ pulọ́ọ̀gì.

Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó ṣeé yọ, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Iná tí ó há sínú rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ dá ṣájà nìkan padà, kí ẹ tún tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ni ó ti jí báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti wú bí búrẹ́dì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́, nítorí iná lè sọ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ lórí ọ̀rọ̀ iná yìí. NEPA di PHCN ní ọdún 2005, ìjọba sì pín in tà fún àwọn aládàáni ní ọdún 2013. Síbẹ̀, ní ọdún 2024 nìkan, ọ̀nà iná àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Bí iná bá lọ lójijì, ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ lè dá sí méjì. Bí ó bá sì padà dé pẹ̀lú agbára, ó lè jó ohun tí ó bá nínú ilé. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

BÍ Ó BÁ TÀN TÍ OJÚ RẸ̀ DÚDÚ

Bí fáànù bá ń yí, tí iná sì ń tàn, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ wo mọ́nítọ̀ ná. Ṣé iná wà lára òun náà? Ṣé wáyà tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọlé dáadáa? Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọdún 1981 ni irú ẹ̀rọ yìí ti máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó jí. Bí ó bá rí àléébù tí kò lè kọ sí ojú, ó máa ń fi ohùn sọ ọ́: pí, pí, pí. Ẹ ka iye ìgbà tí ó dún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ náà, nítorí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò mọ ohun tí ó ń wí.

Ohun tí ó sábà máa ń fa èyí ni RAM, pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ọyẹ́ àti eruku pupa wa níhìn-ín mọ ọ̀nà àtiwọ inú ẹ̀rọ. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná, ẹ fọwọ́ kan ara irin rẹ̀ kí iná tí ó wà lára yín lè lọ, ẹ yọ RAM, ẹ fi ìrésà ọmọ ilé-ìwé nu eyín rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ gbọn ẹ̀há rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tì í padà títí yóò fi dún pé ó ti jókòó. Bí ó bá jẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní motherboard rẹ̀ ti jó, wọ́n sì bu owó tí ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ fún un. Ó gbé e padà. A jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé kan, a yọ RAM, a nù ún, a dá a padà, ẹ̀rọ náà sì jí. A kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí a kò fi ìyẹn ṣe ìjà. A fi ń fi hàn yín bí àìmọ̀ ṣe lè ná òṣìṣẹ́ tó.

BÍ Ó BÁ JÍ DÉ ÌDAJÌ

Bí ó bá jí, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ iná, tí ó sì ń ní kí ẹ tẹ F1, bátìrì rìbìtì kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ti tán. CR2032 ni a sábà ń rí níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó ọkọ̀ sí Ìlọrin àti àbọ̀. Bí ó bá ní òun kò rí ibi tí òun yóò ti gbéra, ẹ yọ flash tí ẹ gbàgbé sí ara rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fetí sí hard disk. Bí ó bá ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tàn, ìwé yín ni ó lè máa jẹ.

Bí orúkọ Windows bá jáde tí ó ń yí po lójú kan, ẹ má bẹ̀rù. Bí Windows 10 tàbí 11 bá gbìyànjú láti dìde tí ó kùnà léraléra, ó máa ń gbé ojú ewé àtúnṣe jáde fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí Startup Repair, àti ọ̀nà sí Safe Mode, níbi tí ẹ̀rọ ti ń jí láìgbé ẹrù púpọ̀ dání.

Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà fi àtúnṣe tí ó ní àléébù ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo ètò ààbò rẹ̀. Microsoft ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ni kò lè dìde dáadáa káàkiri àgbáyé, títí kan ti àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù àti ilé ìwòsàn. Kí ni oògùn rẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbé ẹ̀rọ dìde ní Safe Mode, wọ́n pa fáìlì kan rẹ́, ó sì jí. Bí a bá ti gba ọ̀rọ̀ "ó ti kú" gbọ́ ní ọjọ́ náà, ẹ̀rọ mélòó ni à bá sin láàyè?

Ọ̀rọ̀ tí ó ń bí wa nínú jù ni "format". Lóòótọ́, format lè mú kí ẹ̀rọ jí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó jó ẹrù ilé rẹ̀ nítorí pé kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ hard disk, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì da ìwé wa kọ. Bí ẹ̀rọ bá bèèrè nọ́ńbà BitLocker oní-díjíìtì 48, ẹ wá a nínú àkáǹtì Microsoft yín kí ẹnikẹ́ni tó pa ohunkóhun rẹ́. Irọ́ kan náà tún gbòde, pé ẹ̀rọ kò jí nítorí pé Windows 10 ti kú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtìlẹ́yìn Microsoft fún un parí. Ewu ààbò wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ̀rọ má jí.

OHUN TÍ A Ń FẸ́

Àwọn kan yóò sọ pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Rárá o. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, iṣẹ́ wà tí àwọn nìkan lè ṣe, owó iṣẹ́ wọn sì tọ́ sí wọn. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí á sanwó fún iṣẹ́ tí ẹnì kankan kò ṣe. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí oníbàárà tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 ń dé lóṣooṣù nígbà náà, àti pé gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò Èkó fúnra wọn ṣe sọ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé tà tàbí kí a tún ṣe. Pàǹtí ẹlòmíràn ni òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀yáwó rà.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a ní. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi owó sitebiláísà tàbí UPS kún ẹ̀yáwó kọ̀ǹpútà, kí ó má sì sanwó fún tòkunbọ̀ tí a kò tàn, tí a kò pa, tí a kò sì tún tàn lójú ẹni tí ń rà á. Èkejì, kí ẹ̀ka wa ra hard disk àgbélọ kan, fíúsì, bátìrì CR2032 àti RAM díẹ̀ fún ìdánwò, kí á sì ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n máa fi han àwọn tí kò mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa kọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀ kí ó tó gbé e jáde, kí ó bèèrè iye owó ṣáájú, kí ó gba rìsíìtì, kí ó gba ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n yọ padà, kí ó sì sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má ṣe format láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i.

Ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ ni a ó gbé àbá yìí kalẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ wá, ẹ sọ tẹnu yín. Ẹni tí ó bá sì ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sọ pé ó kú nínú ilé rẹ̀, kí ó má tíì tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Kí ó gbé e dání wá.