Ilé-Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfurufú: Bàálù Kò Lè Kọ́ Ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbàkígbà tí ìjọba bá ra bàálù tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú, ìlù a dún, àwọn olóṣèlú a pé jọ, àwọn oníròyìn a ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ nínú bàálù náà? Ìbéèrè yìí kì í jẹ yọ lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Ọdún 1964 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Zaria. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Èrò rere ni, kí ọmọ Nàìjíríà má baà máa wá ẹ̀kọ́ yìí kiri òkè òkun. Ṣùgbọ́n èrò rere nìkan kò lè gbé bàálù kúrò nílẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, 200 wákàtí nínú òfurufú tó fún awakọ̀ láti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. 150 ni fún ẹni tó gba ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè di ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù ńlá, ó gbọ́dọ̀ ní 1,500. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà kó wákàtí jọ ni kíkọ́ni, nítorí wákàtí tí olùkọ́ bá lò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ìwé tirẹ̀ náà. Èrò ọ̀nà ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ní kété tí wákàtí rẹ̀ bá pé, ilé-iṣẹ́ bàálù a fi owó oṣù tó jọjú fà á lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀. Bí olùkọ́ bá lọ, ẹ̀kọ́ dúró. Bí ó bá dúró pẹ́, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ a le, òbí a sì tún sanwó kí ọmọ lè kọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run ní Zaria, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra avgas, epo tí ọ̀pọ̀ bàálù ìkọ́ṣẹ́ ń mu. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ọyẹ́. Owó oṣù olùkọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ènìyàn ni ó wà.

Àwọn kan yóò ní a kì í so ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń kórè níbi tí kò gbìn sí gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀: bí ó bá mú olùkọ́ kan lọ, kí ó san owó tí wọn yóò fi kọ́ arọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà awakọ̀ náà tún wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kò gbọdọ̀ wa bàálù akérò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì mọ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ní kí ó má kọ́ni, bí ara rẹ̀ bá ṣì le. Kí wọ́n pè wọ́n, kí wọ́n sì sanwó tó yẹ wọ́n.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìjọba yéé gé ríbọ́ọ̀nù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.