Ìdákẹ́ ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀

Ní Lagbé, ní kọ́múnù Ifangni, ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI a máa mọ gbólóhùn kan kí ó tó mọ ááfábẹ́ẹ̀tì: « Croisez les bras ! » Àwọn ọmọ á ká ọwọ́ mọ́ àyà, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Ẹni tí ń kọjá lọ á ní olùkọ́ náà káre. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dákẹ́ yẹn, ebi lè máa pa á, ó lè máa bẹ̀rù ẹgba, ó sì lè jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ rárá.

Ní ti ẹgba, òfin ti sọ̀rọ̀. Òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, tí í ṣe òfin ọmọdé ní ilẹ̀ Benin, kò fi àyè gba nína ọmọ, ì báà ṣe nílé, ì báà ṣe nílé-ìwé. Síbẹ̀ pàṣán ṣì wà ní igun kíláàsì mìíràn. Kì í ṣe ìkà ni ó ń gbé e síbẹ̀ nígbà gbogbo: olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ níwájú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní ọ̀nà mìíràn, ohun tí wọ́n fi tọ́ òun náà ni yóò fi tọ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí ń ṣọ́ ọwọ́ olùkọ́ kò lè wo pátákó.

Láti ọdún 2017, ètò PNASI, tí ìjọba gbé lé PAM lọ́wọ́, ti mú kí ìkòkò máa hó ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìgberíko. Oúnjẹ ọ̀sán ni, ṣá. Ọmọ tí ó jí, tí ó gbálẹ̀, tí ó pọnmi, tí ó sì rìn dé ilé-ìwé láìfi nǹkan kan ẹnu, kí aago mẹ́wàá tó lù, òòyì ti ń kọ́ ọ. Ife ẹ̀kọ mímu kan láàárọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Èyí tí wọn kì í sábà dárúkọ ni èdè. Nàgó tàbí Gùn ni ọmọ gbọ́ nílé, Faransé ni ó bá lẹ́nu olùkọ́. Láyé amúnisìn, « signal » ni wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Signal ti lọ. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì lọ tán. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà yọrí ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Benin náà ti ń dán irú rẹ̀ wò láti ọdún ẹ̀kọ́ 2013-2014, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó kàn kò pọ̀.

Kí ó tó kàn gbogbo wọn, ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Bí àwọn ọmọ bá ti inú eré wọlé pẹ̀lú òógùn àti ariwo, olùkọ́ lè fi àlọ́ àpamọ̀ méjì tàbí mẹ́ta gba ọkàn wọn jọ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti Atacora, tí kò gbọ́ Nàgó, lè pe ọmọ CM2 kan wá pa á fún wọn.