Mambilla: Ìwé pọ̀ jọjọ, iná ò tàn

Òfin iná mọ̀nàmọ́ná tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́dún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa darí ọ̀rọ̀ iná fúnra wọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà lára àwọn tó gba àṣẹ ọ̀hún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fọkàn sí i pé àwọn kọnsọ́tántì tó ń kan ilẹ̀kùn l'Ábújá tẹ́lẹ̀, Agodi ni wọ́n máa kọjú sí báyìí. Ìdí rèé tí mo fi ní kí àwa ará Bódìjà, Àgbowó, Dùgbẹ̀ àti Challenge yẹ ọ̀rọ̀ Mambilla wò dáadáa. Bí ará iwájú bá ṣubú, èrò ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n.

Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa kọ́ dáàmù sí Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, tí yóò máa mú mẹ́gáwáàtì 3,050 jáde. Kọnsọ́tántì ń wọlé, kọnsọ́tántì ń jáde. Ilé iṣẹ́ Lahmeyer ti Jámánì wà lára wọn. Lọ́dún 2003, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, Mínísítà Olú Agúnlóyè kọ lẹ́tà gbé iṣẹ́ náà fún Sunrise Power, iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6 dọ́là. Lọ́dún 2017, ìjọba Buhari gbé iṣẹ́ kan náà fún àwọn ará China ní bílíọ̀nù 5.79 dọ́là. Ni Sunrise bá gba ilé ìdájọ́ lọ ní Paris, wọ́n ń bèèrè ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Lóṣù kìíní ọdún 2024, EFCC gbé Agúnlóyè lọ sílé ẹjọ́. Ó ní òun ò jẹ̀bi.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, Mambilla ò tíì mú mẹ́gáwáàtì kan ṣoṣo jáde.

Kì í ṣe pé kọnsọ́tántì ò wúlò o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà kan lásán ń wá ẹni tó máa ya àwòrán rẹ̀, ká má tíì sọ dáàmù. Kọnsọ́tántì náà ló yẹ odò Ọya wò kó tó di pé wọ́n kọ́ Kainji. Ọdún 1964 niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; nígbà tó máa fi di 1968, iná ti ń jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí ìwé Kainji parí, owó iṣẹ́ wà nílẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tó yá wa.

Ìwé àyẹ̀wò dà bí àmàlà, tó bá ti sùn, kò ṣeé jẹ mọ́. Iye dọ́là á yí, owó símẹ́ǹtì á lọ sókè, àwọn èèyàn etí odò tí wọ́n máa kó kúrò á ti pọ̀ sí i. Ìjọba tuntun á ní ti àná ti gbó, ni wọ́n á bá tún san owó òmíì.

Nítorí náà, bí Agodi bá ní àwọn fẹ́ gba kọnsọ́tántì iná, ohun tí màá kọ́kọ́ bèèrè ni pé: owó tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ gan-an dà, lẹ́yìn tí ìwé bá parí? Ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà sanwó fún un? Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ ló fẹ́ gbà, a jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń wọ́n ni owó tiẹ̀ á máa pọ̀. Ta ló wá máa bá wa dín owó kù? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ iye kan pàtó. Kí wọ́n sì gbé ìwé ọ̀hún síta ká rí i kà.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni iná Báńdì A ti kọjá ₦200 lórí yúníìtì kan. Àwa tá à ń ra káàdì mítà la ni owó yìí. Ẹ bi àwọn aṣòfin àdúgbò yín léèrè báyìí, kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.