Owó àyẹ̀wò dírónù kì í ṣe owó òfò

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún fóònù ṣe, ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá lónìí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè bí ẹyẹ, tí wọ́n fi ń ya ayẹyẹ láti òkè. Nígbà kan, ẹni tó bá ti ní kámẹ́rà fídíò kan ti tó gbangba á sùn lọ́yẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ olóde ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ẹ ní dírónù, kó tó di pé wọ́n dúnàádúrà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Ìjàgbó ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Ọ̀fà. Bí ayàwòrán kan bá ní dírónù níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yí bíi ti fáànù bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kó gbé e lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, l'Ékòó. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọjọ́ tó máa fi dúró ń bẹ níbẹ̀, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ náà sì ti lọ. Bí ó bá sì gbé e fún ẹni tó wà nítòsí, onítọ̀hún lè ní kó ra ẹ́ńjìnnì tuntun láìtíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ àyẹ̀wò ni ọjà gidi tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá lè sọ ohun tó ń ṣe dírónù gan-an, tó sì ń gba owó ìyẹn lọ́tọ̀, yóò jẹun níbẹ̀, oníbàárà rẹ̀ náà kò sì ní í pàdánù. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ wò ó, àyẹ̀wò náà kò le. Bí ó bá jẹ́ pé agbára gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dínkù lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ìyẹ́ ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò, nítorí òun ló ń tètè bàjẹ́, òun náà ló sì dínwó jù. Ẹ fi èékánná tọ etí rẹ̀ bóyá ó sán, bóyá ó ti kán díẹ̀ tàbí ó ti tẹ̀. Ìyẹ́ tó ti fẹ́ kán á máa gbọ̀n, fídíò tí ẹ bá yà á sì máa mì bí omi inú agbada. Ẹ tún rántí pé méjì nínú ìyẹ́ náà ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún, méjì ń yí sọ́wọ́ òsì, àwọn tó wà ní igun tó dojú kọ ara wọn ló sì ń yí síbì kan náà. Bí ẹ bá fi ti ọ̀tún sí ti òsì, ẹ̀rọ náà á dojú dé kó tó gbéra nílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló kú.

Bí ìyẹ́ kò bá jẹ̀bi, ẹ yọ bátìrì, ẹ tú gbogbo ìyẹ́ kúrò, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ara rẹ̀ dá á yí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó bá ń ha, yanrìn ti kó sí i nínú, tàbí irun àti koríko ti wé mọ́ ọn lọ́rùn, tàbí kẹ̀ bíárìn rẹ̀ ti jẹ. Ẹ mọ̀ bí eruku ọyẹ́ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó ti kú, búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù ló ń wá.

Lẹ́yìn èyí ló kan wáyà. Ẹ́ńjìnnì dírónù tó dára ní wáyà mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá já, kò ní í yí, ṣe ni yóò máa gbọ̀n pìpì bí ẹni tí òtútù mú. Wáyà máa ń já ní ibi tí apá ẹ̀rọ ti ń ká, ẹni tó bá sì ń fi lẹ́ẹ̀dì jó pánẹ́ẹ̀lì fóònù lè jó o padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára lójú, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń fura sí lọ sí ojú ẹlòmíì lórí bọ́ọ̀dù, láìfi ìyẹ́ sí i. Bí àìsàn bá tẹ̀lé e lọ, ẹ́ńjìnnì ló jẹ̀bi. Bí àìsàn bá dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù ni. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ríra nǹkan tuntun tó wáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì nígbà tí ìyẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2015, ní ìlú Tijuana ní Mẹ́síkò, olórin Enrique Iglesias na ọwọ́ mú dírónù tó ń ya á lórí ìtàgé, ìyẹ́ gé e níka, wọ́n sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Lọ́dún kan náà, ní oṣù Kejìlá, dírónù tó ń ya ìdíje eré orí yìnyín ní Ítálì já bọ́ sẹ́yìn Marcel Hirscher, díẹ̀ ló kù kó bà á. Níbi òde tiwa, ìyá àgbà àti ọmọ kékeré ló ń jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyí tí oníbàárà tó bá ń sọ pé "ẹ ṣáà jẹ́ kó fò" kò fi gbọ́dọ̀ borí yín.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn èèyàn wa kì í sanwó fún wíwò lásán. Ká má parọ́, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí kan náà ló ń san owó káàdì nílé ìwòsàn kí dókítà tó fojú kàn wọ́n. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ sọ iye owó àyẹ̀wò kí ẹ tó tú síkúrù kan, kí ẹ ṣe é lójú oníbàárà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ bí ó bá gbà pé kí ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá rí i pé owó ìyẹ́ lásán ni òun san dípò owó ẹ́ńjìnnì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa polówó yín. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́fà láti ọdún 1992 náà lè wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni dírónù, ẹ ní ìyẹ́ mìíràn nínú àpò kí ẹ tó jáde lọ sóde. Ẹ má ṣe gbé e sórí yanrìn kó tó fò, ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan tẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ fò ó ní pápá tí kò sí èèyàn, kó má ga ju ìbàdí lọ, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó bá balẹ̀ tó sì ti dúró. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ kò tíì gbádùn. Ẹ sì má gbàgbé òfin: láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò ó láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn fún ààrẹ lórí ètò ààbò. Lásìkò tí ọ̀rọ̀ ààbò gba ìṣọ́ra yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó ná owó sórí ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìyẹ́ ló kán.