Kì í ṣe gbogbo ẹja tá a dá padà sómi ló ń yè

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ ẹja ni, ó sì gùn díẹ̀. Èrò mi rèé: nínú oṣù Kẹjọ, lórí àwọn òkè Colorado tí mò ń gbé yìí, ẹni tó bá fi ọ̀sán gangan mú ẹja trout, tó yà á ní fọ́tò, tó wá rọra dá a padà sómi, kò tíì ṣàánú ẹja yẹn o. Ó ṣeé ṣe kó ti pa á. Ikú ẹ̀ ni kò kàn ní ṣojú ẹ̀.

2/ Fún ẹni tí kò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní fly fishing: kì í ṣe ekòló ni wọ́n fi ń dẹ ẹja. Irun ẹran, ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n máa ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré títí á fi jọ kòkòrò. Ìdẹ náà fúyẹ́ débi pé kò ṣeé jù, okùn tó wúwo ló máa ń gbé e lọ. Tó bá ti di ìparí ìgbà ooru, tata àti èèrà tó ń já bọ́ látinú koríko etí odò di oúnjẹ gidi fún trout. Ẹ fi tata ayédèrú kan sórí omi, kẹ́ ẹ wá wo bí ẹja á ṣe fò gbé e. Ó dùn jọjọ, mi ò ní purọ́.

3/ Ẹ máa ń bi mí lábẹ́ fídíò pé: "Sisí, ẹ mú ẹja tán, ẹ tún dá a padà? Ṣé eré lẹ fi ń ṣe ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn táwọn apẹja ibí máa ń fún èèyàn ni pé àwọn ń dáàbò bo ẹja. Òótọ́ ni, tí omi bá tutù. Tí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

4/ Ìrì dídì tó ń yọ́ lórí òkè ló ń mú kí odò kún, kó sì tutù, ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ìrì náà ti yọ́ tán. Odò fà, omi ò jìn mọ́, oòrùn wá ń sè é láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù. Trout sì rèé, ẹja omi tútù ni.

5/ Ẹ fojú inú wò ó: ẹ sáré gun òkè, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnì kan wá bo imú yín kó lè yà yín ní fọ́tò. Nǹkan tá à ń ṣe fún ẹja náà nìyẹn. Ó ti jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, a gbé e kúrò nínú omi, a wá dá a padà sínú omi tí ọ́síjìn ò tó. Ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ lóòótọ́. Fídíò parí síbẹ̀, like ń wọlé. Ẹja lè kú sábẹ́ òkúta lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kò sí ẹni tó máa gbé ìyẹn sórí Instagram.

6/ Tí omi bá ti tó 68 ní Fahrenheit, ìyẹn 20 ní Celsius, ìnira ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ trout nìyẹn. Níbí, Colorado Parks and Wildlife máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi apá odò kan sílẹ̀ tí ooru bá mú omi jù. Ẹ̀bẹ̀ ni o, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe òfin. Ní Montana, òfin ni: láti aago méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru, kò sí ẹja pípa lórí odò tí wọ́n bá kéde. "Hoot owl" ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn agégẹdú àtijọ́ tó máa ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀ kùtù nígbà ooru, tí òwìwí ṣì ń ké. Ti Montana lèmi fara mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá ẹni tó ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta dúró.

7/ Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ. "Mo ti ra láìsẹ́ǹsì, ọjọ́ ìsinmi mi ò ju méjì lọ lọ́sẹ̀." Ó yé mi, èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ má lọ? Ẹ jí ní aago mẹ́rin. Ẹ gòkè sí i, níbi tí odò ti kéré tí igi sì ṣíji bò ó. Omi ibẹ̀ ṣì máa ń tutù nini. Kó tó di ọ̀sán, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ààrá ọ̀sán lórí òkè wọ̀nyí kì í ṣeré, graphite tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ òde òní sì máa ń gbé iná. Ẹ ò ní fẹ́ kí Ṣàngó bá yín lẹ́nu eré yẹn.

8/ Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní dùn mọ́ àwọn kan: dídá ẹja padà kì í ṣe ìwà rere nígbà gbogbo, kódà nínú omi tútù. Greenback cutthroat ni Colorado fi ṣe ẹja ìpínlẹ̀ láti 1994. Ní 1937, wọ́n ti sọ pé ó ti tán láyé. Ìwádìí àbùdá ní 2012 fi hàn pé odò kékeré kan ṣoṣo, Bear Creek nítòsí Colorado Springs, ni ojúlówó rẹ̀ kù sí nínú igbó. Lára àwọn tó lé e kúrò nílé ni brook trout, tí wọ́n kó wá láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

9/ Nítorí náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Cutthroat ní ìlà pupa lábẹ́ àgbọ̀n. Etí lẹbẹ́ ìsàlẹ̀ brook trout funfun báláú. Greenback, kíá, ó padà sómi. Brook trout ńkọ́? Tí òfin odò yẹn bá gbà á, ata rodo, iyọ̀, òróró gbígbóná. Ẹ má bínú.

10/ Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àṣejù òyìnbó lèyí, kó rántí Òṣogbo. Wọn kì í pẹja nínú igbó Òṣun. Ìdí tiwọn yàtọ̀, ti ẹ̀sìn ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ táwọn baba wa ti mọ̀ pé ibì kan wà lódò tọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ dé.

11/ Ó wá ku àwa tá à ń ṣe content. Ẹ ra tẹ̀mómítà, kẹ́ ẹ tì í bọ omi kẹ́ ẹ tó tú okùn. Tó bá ti tó 68, ẹ ká okùn, ẹ lọ ya òkè ní fọ́tò. Tí omi bá tutù, ẹ tẹ gógó kékeré tó ń há lára ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè tètè yọ. Ẹ kọ́kọ́ rin ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ má baà bó nǹkan yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara ẹja. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà nínú omi. Ẹja tó wà nínú omi náà rẹwà ní fọ́tò.

12/ Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹni tó gbé trout sókè fún kámẹ́rà lọ́sàn-án oṣù Kẹjọ, ẹ má bú u o. Ẹ kàn bi í lábẹ́ fídíò ẹ̀: "Báwo lomi yẹn ṣe gbóná tó?"