Idẹ Yín Ń Sán? Iná Ló Ń Bèèrè

Ọ̀gá kan tó ń fi idẹ lu àwo kọ̀wé sí wa. Ó ní àwo mẹ́ta ló sán mọ́ òun lọ́wọ́, oníbàárà sì ti ń pariwo kiri pé ayédèrú idẹ lòun rà. Ẹnì kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ máa ṣa ìkarahun ọta ìbọn, pé idẹ ibẹ̀ kì í sán.

Ọ̀gá mi, idẹ dáadáa ni lóòótọ́: bàbà 70, síǹkì 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹ má ṣà á o! Èyí tí kò tíì yìn lè wà láàárín wọn, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sínú iná, ọwọ́ ọmọṣẹ́ ló máa gbé lọ. Ká má tíì sọ ti ọlọ́pàá.

Àti pé irọ́ ni, òun náà ń sán. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ tó ń tún ọta ara wọn dì máa ń tẹ ìkarahun ìbọn kan kó lè bá ìbọn mìíràn mu. Ọrùn rẹ̀ á sán. Bí òróró tí wọ́n fi pa á bá pọ̀ jù, èjìká rẹ̀ á tẹ̀ wọnú, nítorí òróró ò ríbi gbà. Iná ni wọ́n fi ń wo ọrùn tó ń sán yẹn, ọrùn nìkan. Wọn kì í jẹ́ kí ooru dé ìdí, torí ìdí tó bá rọ̀ lè bú mọ́ ayìnbọn lójú.

Ohun tó ń ṣe àwo yín náà nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá ba idẹ tútù, ṣe ló ń le sí i. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé òòlù ń ta padà, tí ìró rẹ̀ yí, ẹ dúró! Ẹ gbé e síná níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Bó bá ń rú èéfín funfun, ó ti pọ̀ jù. Síǹkì ló ń jó yẹn, ẹni tó bá fà á símú á gbọ̀n lóru bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rọ irin rí, ẹ gbọ́ o: ọ̀bẹ tó gbóná tá a rì sómi á le, idẹ kì í le. Ẹ rì í bẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣáà jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lù ú.

Ẹnu ẹ̀rọ omi àlòkù ńkọ́? Òjé sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó dáa fún dídà, kò dáa fún lílù.

Ó tún ku ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó wà ní Íńdíà, ìkarahun ọta wọn ń sán fúnra rẹ̀ nígbà òjò. Ní 1921 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀: agbára tó ṣì há sínú idẹ pàdé afẹ́fẹ́ tó ń ta símú láti inú ìtọ̀ ẹṣin. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá lu àwo tán, ẹ yá a níná díẹ̀, kó má pọ́n rárá, ẹ má sì kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ.

Àwo mẹ́ta tó sán yẹn, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ yọ́ wọn níta gbangba, kẹ́ ẹ fi da ṣaworo.